Ìgboyà Kì Í Ṣe "Mo Máa Jẹ": Ohun Tí Sáyẹ́ǹsì Rí Nínú Ọkàn Ẹni Tó Ń Ta Poker

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ jókòó sídìí tábìlì poker, wọ́n sì pín káàdì méjì fún yín. Ẹ ká a sókè díẹ̀, ẹ yọjú wò ó: A méjì ni. Nínú irú poker tí wọ́n ń ta jù lọ lágbàáyé, èyí tí wọ́n ń pè ní Texas Hold'em, kò sí káàdì méjì ìbẹ̀rẹ̀ tó dára tó bẹ́ẹ̀. Ẹ kó gbogbo owó iwájú yín sílẹ̀. Gbogbo èèyàn sá, àfi ẹnì kan. Ó ṣí káàdì tiẹ̀: K méjì. Ẹ ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n wá ń ṣí káàdì àárín tábìlì, K kẹta sì yọ jáde. Ó parí. Owó ti lọ.

Kí lẹ máa ṣe ní ìṣẹ́jú márùn-ún tó tẹ̀ lé e? Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ ká jọ gbé yẹ̀ wò lónìí. K kẹta yẹn mú owó kan lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú márùn-ún tó tẹ̀ lé e lè mú gbogbo èyí tó kù lọ. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti wo irú àkókò bẹ́ẹ̀ dáadáa, ohun tí wọ́n sì rí níbẹ̀ wúlò fún ẹni tí kò ní fọwọ́ kan káàdì láyé rẹ̀ pàápàá.

Fún ẹni tí kò mọ eré náà, bó ṣe ń lọ nìyí. Káàdì 52 ló wà. Wọ́n á fún olúkúlùkù ní méjì tí ẹlòmíì ò gbọ́dọ̀ rí. Wọ́n á wá ṣí márùn-ún sáàárín tábìlì, tó jẹ́ ti gbogbo ayé: mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà ọ̀kan, lẹ́yìn náà ọ̀kan sí i. Ẹni tó bá fi méje yìí to káàdì márùn-ún tó lágbára jù ló ni owó àárín tábìlì. Láàárín ṣíṣí kan sí òmíràn, ẹ lè fowó kún un, ẹ lè san iye tí ẹlòmíì fi sílẹ̀ kí ẹ lè máa bá eré lọ, ẹ sì lè da káàdì yín dé kí ẹ yọwọ́. Tí gbogbo èèyàn bá yọwọ́ fún yín, ẹ̀yin lẹ jẹ, bí káàdì yín tiẹ̀ jẹ́ pàǹtí. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí kò ní nǹkan kan lọ́wọ́ fi lè fi owó ńlá dẹ́rù ba ẹni tó ní. Bluff ni wọ́n ń pe ìyẹn. Eré káàdì kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin ni mo máa máa pè ní "ọwọ́ kan".

Poker kì í ṣe ayò

Ẹni tó bá mọ ayò ta dáadáa lè rò pé bákan náà ni gbogbo eré ọgbọ́n. Rárá o. Nínú ayò, gbogbo ọmọ ayò ló wà lójú ọpọ́n. Ohun tí mo rí lẹ̀yin náà rí. Tí ẹ bá jẹ mí, ẹ gbọ́n jù mí lọ lọ́jọ́ yẹn, kò sí àwáwí. Ní 2002, onímọ̀ kọ̀ǹpútà méjì nílùú Amsterdam, John Romein àti Henri Bal, fi kọ̀ǹpútà yanjú Awari, tó jẹ́ ìbátan ayò ọlọ́pọ́n wa, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ipò tó lé ní bílíọ̀nù 889 ni wọ́n ṣírò. Ó wá hàn pé tí ẹni méjì bá ta á láìṣe àṣìṣe kankan, ọ̀mì ni wọ́n máa ta.

Poker ò rí bẹ́ẹ̀. Apá kan wà níta, apá kan wà lábẹ́ ọwọ́ ẹlòmíì, apá kan ò tíì jáde rárá. Kọ̀ǹpútà Deep Blue ti jẹ Garry Kasparov nínú eré chess ní 1997. Ṣùgbọ́n ó di January 2017 kí kọ̀ǹpútà tó lè jẹ àwọn ọ̀gá nínú Hold'em ẹlẹ́ni méjì tí kò ní gbèdéke lórí iye téèyàn lè fi sílẹ̀. Libratus ni wọ́n pe kọ̀ǹpútà náà. Tuomas Sandholm àti Noam Brown ti Carnegie Mellon University ló ṣe é, ìlú Pittsburgh ní Amẹ́ríkà ni ìdíje náà sì ti wáyé. Ó kojú ọ̀gá mẹ́rin, ogúnjọ́ gbáko ni wọ́n fi ta á, ọwọ́ 120,000 ni wọ́n sì ta.

Ẹ fiyè sí iye yẹn. Kí ló dé tí wọ́n fi ta tó bẹ́ẹ̀? Oríire pọ̀ nínú eré náà débi pé tó bá jẹ́ ọwọ́ 100 péré ni wọ́n ta, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ta lè jẹ ọ̀gá pátápátá. Ó gbọ́dọ̀ pọ̀ rẹpẹtẹ kí oríire tó yọ kúrò, kí ọgbọ́n tó fara hàn. Ẹ wá wo ẹni tó ta ọwọ́ 30 lálẹ́ ọjọ́ kan, tó jẹ, tó ní òun ti mọ̀ ọ́n. Ẹ tún wo ẹnì kejì tí wọ́n jẹ lálẹ́ ọjọ́ kan náà, tó ní orí òun ò gbà á. Kò sí èyí tó tíì mọ nǹkan kan nípa ara rẹ̀ nínú àwọn méjèèjì.

Ìṣirò tó ń tu ọkàn lára

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ A méjì àti K méjì. Nígbà tí wọ́n bá kojú ara wọn kí káàdì àárín tó jáde, A máa ń jẹ ní nǹkan bí ìgbà 82 nínú 100. Ìgbà 18 yòókù ńkọ́? Ó ti wà nínú àdéhùn láti ìbẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá bá ara yín nírú ipò yẹn lẹ́ẹ̀marùn-ún, ìṣeéṣe pé ẹ ó jẹ márààrún jẹ́ nǹkan bí 37 nínú 100 péré. Ìyẹn ni pé ká fi ara balẹ̀ máa retí pé wọ́n á jẹ yín lẹ́ẹ̀kan, ó kéré tán. Kì í ṣe àjẹ́, kì í ṣe orí burúkú. Bí ìṣirò ṣe rí nìyẹn.

Ẹ tún gbọ́ èyí tó le díẹ̀. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi máa ń ta poker lálẹ́ ọjọ́ Sátidé, ìdérí ìgò la sì fi ń ta á. Oríṣi àmì mẹ́rin ló wà lára káàdì, 13 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí márùn-ún bá jẹ́ àmì kan náà lọ́wọ́ èèyàn, káàdì rẹ̀ lágbára gan-an nìyẹn. Ká sọ pé mo ti ní mẹ́rin tó bára mu, ó sì ku káàdì kan ṣoṣo tí wọ́n máa ṣí. Mo ti rí káàdì mẹ́fà: méjì tèmi, mẹ́rin tàárín. Ó ku 46 tí mi ò rí, mẹ́sàn-án nínú wọn ló lè gbà mí. Mẹ́sàn-án nínú 46 fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan nínú márùn-ún. Ìdérí mẹ́fà wà láàárín tábìlì, ọ̀rẹ́ mi fi ọ̀kan kún un, ó di méje. Èmi náà gbọ́dọ̀ san ọ̀kan kí n tó lè rí káàdì tó kàn. Ṣé kí n san, àbí kí n yọwọ́?

Tí mo bá wà nípò yìí lẹ́ẹ̀marùn-ún, mo máa pàdánù ìdérí kan-kan ní ìgbà mẹ́rin: mẹ́rin lọ nìyẹn. Ní ìgbà kan yòókù, màá kó méje. Èrè mẹ́ta ló kù sí mi lọ́wọ́. Nítorí náà, kí n san ló tọ̀nà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nígbà mẹ́rin nínú márùn-ún, ìdérí mi máa lọ, ẹni tó bá sì dúró lẹ́yìn mi á máa mi orí.

Irú ìgboyà tí poker ń fẹ́ nìyẹn. Kì í ṣe "mo mọ̀ pé mo máa jẹ". Kéèyàn ṣe ohun tó mọ̀ dájú pé ó máa kùnà lọ́pọ̀ ìgbà ni, kó sì tún ṣe é lọ́la tí irú ipò bẹ́ẹ̀ bá yọjú, torí pé ó mọ iye tó ń san àti ohun tó ń fi rà.

A máa ń fi ìparí ọ̀rọ̀ dá ìpinnu lẹ́jọ́

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ọpọlọ wa ò fẹ́ràn irú ìṣirò yẹn. Ní 1988, Jonathan Baron àti John Hershey gbé ìtàn oríṣiríṣi ka iwájú àwọn èèyàn nípa ìpinnu tí dókítà ṣe lórí iṣẹ́ abẹ. Ohun kan náà ni dókítà mọ̀, ìpinnu kan náà ló ṣe. Ohun tó yàtọ̀ ni ìparí: nínú ìtàn kan, aláìsàn yè, nínú èkejì, ó kú. Nígbà tí aláìsàn bá kú, àwọn èèyàn á ní dókítà ò ronú dáadáa. Nígbà tó bá yè, wọ́n á ní dókítà náà gbọ́n. Bẹ́ẹ̀ ọgbọ́n kan náà ni!

A ò nílò ilé ìwòsàn ká tó mọ èyí. Ẹni tó gun ọ̀kadà láìdé akoto, tó délé láyọ̀, ṣé ìpinnu tó dára ló ṣe? Ẹni tó dé akoto, tí mọ́tò wá kọ lù ú, ṣé òmùgọ̀ ni?

Annie Duke kọ́ sáíkọ́lọ́jì, ìyẹn ìmọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ọmọ ènìyàn, ní University of Pennsylvania kó tó di ẹni tó ń fi poker jẹun. Nínú ìwé rẹ̀ Thinking in Bets, tó jáde ní 2018, ó ṣàlàyé pé àwọn tó ń ta poker ní orúkọ tí wọ́n ń pe àṣà fífi ìparí dá ìpinnu lẹ́jọ́ yìí: resulting. Ẹni tó bá ní àṣà yìí máa kọ́ ẹ̀kọ́ òdì lójoojúmọ́. Ó ṣe ohun tó tọ́, wọ́n jẹ ẹ́, ó pa á tì. Ó ṣe wérewère, ó jẹ, ó ń tún un ṣe. Bí ìgboyà rẹ̀ ṣe ń ga lónìí ló ń wálẹ̀ lọ́la, torí pé káàdì ló gbé e lé, káàdì ò sì mọ ẹnì kan.

Maria Konnikova náà mọ ọ̀rọ̀ yìí. Ó gboyè ọ̀mọ̀wé nínú sáíkọ́lọ́jì ní Columbia University, kò sì ta poker rí nígbà tó lọ bá Erik Seidel, ọ̀kan nínú àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ poker ní Amẹ́ríkà, pé kó wá kọ́ òun. Ní January 2018, ó gba ipò kìíní nínú ìdíje kan ní Bahamas, ó sì gbé $84,600 lọ sílé. Ó kọ ìtàn náà sínú ìwé rẹ̀, The Biggest Bluff. Ohun kan nínú ẹ̀kọ́ Seidel wù mí gan-an: nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ bá fẹ́ ròyìn bí káàdì tó dára ṣe já a kulẹ̀, Seidel ò fẹ́ gbọ́ bó ṣe parí. Bó ṣe ronú ló fẹ́ gbọ́.

Ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò, kódà tí kò bá jẹ́ poker. Ẹni tó ń ròyìn "ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe fún mi" kò ní rí nǹkan kan tún ṣe, torí pé ẹjọ́ ẹlòmíì ló ń rò. Ẹni tó bá ní "ẹ wo bí mo ṣe rò ó" lè rí ibi tí ìrònú ti wọ́, kó sì tò ó.

Nígbà tí orí bá gbóná

Ẹ̀rọ pinball kan wà láyé àtijọ́. Tí èèyàn bá fi ìbínú mì í, tó fẹ́ gbé e dàgẹ̀rẹ̀, á kàn kú ni, á sì kọ "TILT" síta. Ibẹ̀ ni àwọn oní-poker ti rí orúkọ tí wọ́n ń pe ẹni tí ìbínú tàbí ìbànújẹ́ ti gba ìrònú lọ́wọ́ rẹ̀: ó ti bọ́ sí tilt.

Kí ló ń fà á? Daniel Kahneman àti Amos Tversky tẹ àbá kan jáde ní 1979 nípa bí èèyàn ṣe ń wọn èrè àti òfò. Òfò máa ń dùn wá ju bí èrè tó tó o ṣe ń múnú wa dùn lọ. Nínú ìṣirò tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà, ó lé díẹ̀ ní ìlọ́po méjì. ₦1,000 tó sọnù ń dunni ju bí ₦1,000 téèyàn rí he ṣe ń dùn mọ́ni lọ dáadáa. Wọ́n tún rí i pé ẹni tó bá ti wà nínú òfò máa ń fẹ́ fi ohun ńlá wewu kó lè padà sí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ní 2009, Gary Smith àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo bí àwọn tó ti pẹ́ nídìí poker orí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe ń ta á. Lẹ́yìn òfò ńlá, ọ̀pọ̀ wọn máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú ọwọ́ tó yẹ kí wọ́n yọwọ́ nínú rẹ̀. Kì í ṣe ọmọdé ni wọ́n o, àwọn tó mọ̀ ọ́n ni.

Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ tipẹ́: ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀.

Jared Tendler, tó ń kọ́ àwọn oní-poker nípa ọkàn wọn, pín tilt sí ọ̀nà méje nínú ìwé tó ṣe ní 2011. Èyí wúlò, torí pé oògùn ibà kọ́ loògùn inú rírun. Ẹnì kan ń bínú torí pé káàdì ò jáde fún un láti ọjọ́ pípẹ́. Òmíràn gbà pé wọ́n rẹ́ òun jẹ, pé ìyà ò yẹ òun. Òmíràn kàn kórìíra kí wọ́n jẹ òun ni. Ẹnì kan ń bínú sí àṣìṣe ara rẹ̀. Ẹnì kan gbà pé òun ló yẹ kó jẹ torí pé òun mọ̀ ọ́n jù wọ́n lọ. Ẹnì kan fẹ́ gbẹ̀san lára ẹni kan pàtó tó wà nídìí tábìlì. Ẹni keje sì ti dé ojú àìnírètí, ó kàn fẹ́ gba owó padà lọ́nàkọnà. Ẹ wo ara yín dáadáa nínú méje yìí. Ẹni tó bá mọ orúkọ ohun tó ń bínú ẹ̀ sí ti rí ibi tó máa dì í mú.

Ṣé téèyàn bá dúró bí akọni, á di akọni?

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìṣesí ni ìgboyà: gbé àyà sókè, na apá, wo ojú ọ̀tá. Ní 2010, Dana Carney, Amy Cuddy àti Andy Yap sọ pé téèyàn bá fẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ bí ọ̀gá fún ìṣẹ́jú méjì péré, hòmóònù ara rẹ̀ á yí padà, á sì túbọ̀ láyà láti ta tẹ́tẹ́. Ọ̀rọ̀ náà tàn káàkiri ayé. Ṣùgbọ́n ní 2015, Eva Ranehill àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún un ṣe pẹ̀lú èèyàn 200. Àwọn èèyàn náà sọ pé àwọn nímọ̀lára agbára lóòótọ́, àmọ́ hòmóònù ò yí padà, ìwà wọn nídìí ewu náà ò sì yí padà. Nígbà tó di 2016, Carney fúnra rẹ̀ kọ ọ́ síta pé òun ò gbà á gbọ́ mọ́.

Ìwádìí kan tó tún kan poker tààrà dùn mọ́ mi jùyẹn lọ. Ní 2013, Michael Slepian àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi fídíò ìdíje World Series of Poker han àwọn akẹ́kọ̀ọ́, pé kí wọ́n sọ bí káàdì ẹni tí wọ́n ń wò ṣe dára tó. Àwọn tó rí ojú nìkan ò lè sọ ọ́. Ojú àwọn ọ̀gá ti le bí àpáta. Ṣùgbọ́n àwọn tó rí apá nìkan, bó ṣe ń ti owó ike sáàárín tábìlì, sọ ọ́ dáadáa ju ẹni tó kàn ń méfò lọ. Apá ẹni tí káàdì rẹ̀ dára máa ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí níbẹ̀ ni pé ìgboyà àfihàn ò pẹ́ kó tó tú. Ohun tó máa ràn yín lọ́wọ́ ni kí ẹ máa ṣe nǹkan bákan náà nígbà gbogbo: iye ìṣẹ́jú àáyá kan náà kí ẹ tó pinnu, ọ̀nà kan náà tí ẹ fi ń ti owó síwájú, yálà A méjì lẹ ní o, tàbí pàǹtí.

Owó ilé kì í ta tẹ́tẹ́

Mo wá dé ibi tó ká mi lára jù. Ní 2013, Anandi Mani, Sendhil Mullainathan, Eldar Shafir àti Jiaying Zhao gbé ìwádìí kan jáde nípa àwọn àgbẹ̀ oníreké ní Tamil Nadu, ní Íńdíà. Ìgbà ìkórè ni owó wọn máa ń wọlé, torí náà ọwọ́ máa ń há wọn gan-an kó tó di ìgbà yẹn. Wọ́n dán ọpọlọ àwọn àgbẹ̀ kan náà wò kí wọ́n tó kórè àti lẹ́yìn tí wọ́n kórè tán. Ẹni kan náà, ọpọlọ kan náà: wọn ò ṣe dáadáa nígbà tí ọwọ́ há tó bí wọ́n ṣe ṣe nígbà tí ara dẹ̀ wọ́n. Àníyàn owó ti gba àyè tó yẹ kí ìrònú lò.

Oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, àbúrò kan ládùúgbò wa wá bá mi. Ó ti ń ta poker lórí fóònù. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Àràárọ̀ ni mò ń wo fídíò tó ń kọ́ni ní ìgboyà. Owó ilé mi ti pé lọ́wọ́ mi, mo fẹ́ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì kí oṣù yìí tó parí. Ṣé ẹ rò pé ọkàn mi ti le tó?"

Mo bi í pé, "Tí owó yẹn bá lọ, níbo lo máa sùn?"

Ó dákẹ́. Mo ní, "Ìdákẹ́jẹ́ tó o dákẹ́ yẹn, ṣó o rí i, òun ló máa jókòó sídìí tábìlì dípò rẹ. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti fowó kún owó ni wàá máa ronú landlọ́ọ̀dù."

Ó lọ san owó ilé rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Inú mi dùn gan-an ni.

Kò sí fídíò tó lè fún ẹni tí ẹ̀rù landlọ́ọ̀dù ń bà ní ìfọ̀kànbalẹ̀ nídìí tábìlì. Ẹ má sì gbàgbé pé ilé tẹ́tẹ́, yálà ti orí ilẹ̀ tàbí ti íntánẹ́ẹ̀tì, máa ń yọ díẹ̀ nínú owó àárín tábìlì fún ara rẹ̀. Tí gbogbo yín bá mọ̀ ọ́n ta dọ́gba-n-dọ́gba, gbogbo yín lẹ máa pàdánù díẹ̀díẹ̀. Láti 2013 ni ìwé DSM-5, èyí tí àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà ń lò, sì ti fi àìsàn tẹ́tẹ́ sí abala kan náà pẹ̀lú bárakú ọtí àti oògùn olóró. Tí ẹ bá rí i pé ẹ̀ ń padà lọ lọ́jọ́ kejì kí ẹ lè gba owó àná padà, tí ẹ̀ ń purọ́ fún ará ilé nípa iye tó lọ, tí owó kékeré ò dùn mọ́ yín mọ́, ọ̀rọ̀ dókítà nìyẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgboyà.

Bí mo ṣe ń ṣe é

Lẹ́yìn gbogbo ìwádìí yìí, ohun mẹ́rin ni mo mú lò, kódà nídìí ìdérí ìgò wa.

Àkọ́kọ́, mo máa ń pinnu iye àti àkókò kí n tó jókòó. Ìdérí ogún, wákàtí méjì. Tí ọ̀kan bá tán, mo dìde. Ọkàn tútù ló ń ṣe ìpinnu yẹn. Mi ò ní fi í lé ọkàn gbígbóná lọ́wọ́.

Ìkejì, fóònù mi máa ń wà nínú yàrá. Nelson Cowan ṣàlàyé ní 2001 pé nǹkan bíi mẹ́rin péré lọkàn wa lè gbé dání lẹ́ẹ̀kan náà. Káàdì mi, káàdì àárín, ohun tí ọ̀rẹ́ mi lè ní, iye tí mo máa san: ó ti pé mẹ́rin. Kò sáyè fún WhatsApp.

Ìkẹta, mo ti pinnu ohun tí màá ṣe sílẹ̀ de ìgbà tí orí bá gbóná. Peter Gollwitzer fi hàn ní 1999 pé ẹni tó bá sọ pé "tí báyìí bá ṣẹlẹ̀, báyìí ni màá ṣe" máa ń mú ìpinnu ṣẹ ju ẹni tó kàn ní "màá gbìyànjú" lọ. Tèmi nìyí: tí wọ́n bá jẹ mí lọ́wọ́ tó dùn mí, mo máa da káàdì mi dé fún ọwọ́ méjì tó tẹ̀ lé e, màá sì rọra máa mí, kí mímí síta gùn ju mímí sínú lọ. Mímí báyẹn máa ń jẹ́ kí ìlùkìkì ọkàn rọlẹ̀.

Ìkẹrin ni ìwé kékeré kan. Mo fa ìlà mẹ́ta sí i: ohun tí mo mọ̀, ohun tí mo ṣe àti ìdí rẹ̀, lẹ́yìn náà bó ṣe parí. Tí oṣù bá parí, màá fi ọwọ́ bo ìlà kẹta, màá ka méjì àkọ́kọ́, màá sì bi ara mi léèrè bóyá màá tún ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ibi kan wà tí wọ́n ti jẹ mí tí ìdáhùn jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn ibi kan wà tí mo ti jẹ, tí ìdáhùn sì jẹ́ rárá.

Ibi tí ìfọ̀kànbalẹ̀ ti ń wá nìyẹn. Ẹni tó bá lè ka ìlà méjì yẹn láìwo ẹ̀kẹta, tó sì gbà pé ohun tó tọ́ lòun ṣe, kò sí K kankan tó máa jáde tó lè gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Tó bá sì rí i pé ohun tóun ṣe ò tọ́, owó tó jẹ lọ́jọ́ yẹn ò ní tàn án jẹ.